Mo tọ ipasẹ̀ Harry Potter láti King's Cross dé Glenfinnan

Ọjọ́ Ajé, Lọ́ńdọ̀nù

Ibi tí àwọn ọmọ Hogwarts, iléèwé idán inú ìtàn Harry Potter, ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò wọn ni àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ tiwa: ibùdókọ̀ ojú irin King's Cross. Ẹni tó bá wo fíìmù àkọ́kọ́ tó jáde ní 2001 á rántí bí Harry ṣe sáré ti ọmọlanke ẹrù rẹ̀ wọ inú ògiri bíríkì lọ, tó sì bọ́ sí pèpéle 9¾ ní òdìkejì. Wọ́n ti gé ọmọlanke kan báyìí, wọ́n ri ìdajì rẹ̀ mọ́ ara ògiri nínú gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n ṣí ní ibùdókọ̀ náà ní 2012, wọ́n to àpótí àti àgò òwìwí lé e lórí. Ìlà àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò gùn, àgbàlagbà inú wọn sì ju ọmọdé lọ. Inú mi dùn láti rí i bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ń yá CD wò ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn, ni mo ti fẹ́ràn àwọn fíìmù yìí, mi ò sì rí ìdí tí ọjọ́ orí fi yẹ kó mú mi kúrò lórí ìlà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni a jọ lọ, ọmọ ọdún 14 ni. Nígbà tó kàn án, wọ́n ní kó mú sikáàfù ilé tó bá wù ú nínú ilé mẹ́rin tó wà ní Hogwarts. Ti Ravenclaw ló nawọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó di etí sikáàfù mú, ó kà á dé mẹ́ta, ó jù ú sókè bí ọmọ náà ṣe fò. Nínú fọ́tò, ńṣe ló dà bíi pé atẹ́gùn inú ògiri ló ń fà á wọlé. Ẹ lè fi fóònù tiyín ya á láì san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n yà ló máa lọ sanwó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Àárín pèpéle 4 sí 5 ni wọ́n ti ya ìran náà ní tòótọ́. Ilé pupa olóríṣónṣó tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti fò lọ sókè nínú fíìmù kejì, tí wọ́n ní King's Cross ni, St Pancras ni, tó wà ní òdìkejì títì. Nígbà tí mo dúró láàárín àwọn méjèèjì, mo gbà fún wọn. Ojú St Pancras ló yẹ ìrìn-àjò idán.

Lẹ́yìn ìyẹn a lọ sí Leadenhall Market, ọjà abẹ́ òrùlé tí Horace Jones ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní 1881. Ibẹ̀ ni Hagrid, aṣọ́gbà Hogwarts, mú Harry gbà nígbà tó fẹ́ lọ ra ohun èlò iléèwé, ilẹ̀kùn Leaky Cauldron, ilé ọtí àwọn oṣó, sì wà ní Bull's Head Passage lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Inú báńkì Gringotts ti fíìmù àkọ́kọ́ náà wà nítòsí, ní Australia House, ní Strand, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìta la ti wò ó. A fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lórí Millennium Bridge nírọ̀lẹ́, afárá tí àwọn Death Eater, ọmọ ẹ̀yìn oṣó búburú inú ìtàn náà, já sómi nínú fíìmù kẹfà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rìn yára, ó ní òun ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Leavesden

Òní ni olórí ọjọ́. Euston la ti wọ ọkọ̀ ojú irin, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú la dé Watford Junction, bọ́ọ̀sì sì gbé wa dé ẹnu ọ̀nà sitúdíò tí wọ́n ti ya àwọn fíìmù náà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé o, wọn kì í tà á lẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ iléèwé bá sì wà ní họlidé, ó ti máa ń tán tipẹ́.

Pápá ọkọ̀ òfurufú ni Leavesden tẹ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ òfurufú Mosquito àti Halifax, lẹ́yìn náà Rolls-Royce ń ṣe ẹ́ńjìnnì hẹlikọ́pítà níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn kógbá wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, gbọ̀ngàn gbàràmù-gbaramu ṣófo, òrùlé ga, kò sí òpó láàárín. Ohun tí onífíìmù ń wá gan-an nìyẹn. Láti 2000 dé 2010 ni wọ́n fi ya fíìmù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ níbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2012 ni wọ́n sì ṣí i fún aráàlú.

Káfíńtà ni bàbá mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè wo fíìmù kí n má bèèrè ta ló kan àga yẹn, ta ló kun ilẹ̀kùn yẹn. Ohun tí mo gba Leavesden lọ wò nìyẹn: ọwọ́ àwọn tó ṣe é.

Gbọ̀ngàn Ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú èèyàn wọ̀. Òṣìṣẹ́ bèèrè ẹni tó ń ṣe ọjọ́ìbí, ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́, òun ló ti ilẹ̀kùn gàgàrà náà ṣí, gbogbo wa sì hó yèè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ pa ilẹ̀. Òkúta York gidi ni. Stuart Craig, ẹni tó ya àwòrán gbogbo ilé inú fíìmù wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni wọ́n fi òkúta yìí tẹ́ ilẹ̀ fún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé sì fi bàtà gún un fún ọdún mẹ́wàá láì sán. Nínú ilé tí ògiri rẹ̀ jẹ́ pílásítà àti ọ̀dà, ilẹ̀ nìkan ni kò parọ́.

Àbẹ́là tó ń fò lókè gbọ̀ngàn yẹn, àbẹ́là gidi ni wọ́n kọ́kọ́ lò nínú fíìmù àkọ́kọ́, wọ́n fi wáyà tín-ín-rín so wọ́n kọ́. Iná jó wáyà, àbẹ́là ń já lulẹ̀, ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà. Oúnjẹ àsè àkọ́kọ́ náà, oúnjẹ gidi ni. Ẹ fojú inú wo ẹran sísun tó jókòó sábẹ́ iná sinimá látàárọ̀ dalẹ́! Òórùn rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n yí padà, tí wọ́n wá ń fi résìnì ṣe oúnjẹ nínú àwọn fíìmù tó tẹ̀ lé e.

Nínú ọ́fíìsì Dumbledore, ọ̀gá iléèwé Hogwarts, ìwé kún pẹpẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n fi eruku lé e. Àwọn àwòrán àwọn ọ̀gá iléèwé tó ń sùn sórí ògiri ńkọ́? Ojú àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù wà lára àwọn àwòrán tó kún Hogwarts. Mo rò pé ẹ̀bùn tó dára jù tí a lè fún oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, pé kí ojú rẹ̀ wà lára iṣẹ́ náà.

A dé yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ẹranko. Wọ́n fi ọwọ́ ti ìyẹ́ Buckbeak, ẹranko abìyẹ́ inú fíìmù kẹta, bọ ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni irun orí àwọn iwin tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe. Mo sún mọ́ orí kan títí èémí mi fi bo gíláàsì. Irun imú wà níbẹ̀. Iṣan wà lábẹ́ ojú. Kámẹ́rà lè máà dé ibẹ̀ láéláé, síbẹ̀ ẹni tó ṣe é kò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Hubert Ogunde náà mọ irú ìwà yìí nígbà tó ṣe *Aiyé* ní 1979. Ẹni tó bá rí ìpàdé àwọn àjẹ́ inú rẹ̀ lọ́mọdé mọ̀ pé ẹ̀rù yẹn kò ti orí kọ̀ǹpútà wá, aṣọ, ọ̀dà, iná àti ohùn ló bí i.

Diagon Alley, òpópónà ọjà àwọn oṣó, wà níwájú. Ní ṣọ́ọ̀bù Ollivander, àpótí ọ̀pá idán lé ní 17,000, ìkọ̀ọ̀kan ló ní lébẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Miraphora Mina àti Eduardo Lima ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ìwé àti lẹ́tà inú fíìmù wọ̀nyí, láti orí ìwé ìròyìn Daily Prophet dé àwòrán ilẹ̀ tí Harry fi ń mọ ibi tí oníkálùkù wà. Ọmọ Brazil ni Lima. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ràn yíya lẹ́tà jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó yọ ìwé jáde, ó ń da ìrísí lẹ́tà àwọn pátákó ṣọ́ọ̀bù kọ. Mo ní, “Ṣé ká máa lọ?” Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i.” Mo fún un. Kí ni mo bá a wá ṣe?

Ọkọ̀ ojú irin Hogwarts Express náà wà níbẹ̀, èyí gan-an tí wọ́n lò. Olton Hall lorúkọ rẹ̀, Swindon ni wọ́n ti ṣe é ní 1937, nọ́ńbà 5972 sì wà lára rẹ̀ títí dòní. Bọ́ọ̀sì Knight Bus aláwọ̀ àlùkò wà níta, bọ́ọ̀sì alájà méjì mẹ́ta ni wọ́n gé tí wọ́n tò pọ̀ di alájà mẹ́ta. A mu butterbeer, ohun mímu inú ìtàn náà, kò ní ọtí nínú, ó dùn jù fún mi, ọmọ náà mu tèmi mọ́ tirẹ̀. Mo wá aṣọ Kingsley Shacklebolt kiri, ẹni tí George Harris ṣe láti fíìmù karùn-ún, tó máa ń wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ bí agbádá pẹ̀lú fìlà láàárín àwọn oṣó Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò rí i níbi tí a dé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nínú sinimá, mo pariwo ni.

Ilé Hogwarts fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi kádìí. Bí a ṣe yípo kọ́nà báyìí, ó yọ: ilé olódi tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 15, iná wínníwínní tó lé ní 2,500 ń tàn nínú àwọn fèrèsé rẹ̀. Kò sí ilé tó jẹ́ Hogwarts níbì kankan, èyí ni wọ́n yà, tí wọ́n sì fi kún àwòrán òkè àti adágún. Àwọn tó kọ́ ọ ṣe é bíi pé èèyàn máa gbé inú rẹ̀. A dúró títí iná fi ṣú tó tún mọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi, obìnrin àgbàlagbà kan ń nu omijé. Ó yé mi.

Ọjọ́rú, Oxford

Ní Christ Church, ọ̀kan lára àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Oxford, àtẹ̀gùn òkúta ni ẹ kọ́kọ́ máa bá. Orí rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n McGonagall ti dúró de àwọn ọmọ tuntun. Àtẹ̀gùn yìí ló gbé yín lọ sí gbọ̀ngàn ìjẹun tí Stuart Craig wò ṣe Gbọ̀ngàn Ńlá. Wọn kò ya fíìmù nínú rẹ̀, ti Leavesden ni wọ́n lò. Ẹni tó bá rí méjèèjì ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra á rí i pé ti Oxford kéré sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń jẹun níbẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń tì í lọ́sàn-án.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni Bodleian, ilé ìkàwé yunifásítì náà. Divinity School tí wọ́n parí ní 1488 ni wọ́n lò fún yàrá ìwòsàn Hogwarts. Òkè rẹ̀ ni ilé ìkàwé Duke Humfrey wà, ẹ ní láti tẹ̀ lé afinimọ̀nà kí ẹ tó lè dé ibẹ̀. Níbẹ̀ ni Harry gbé fìtílà wọ̀ lóru láti wá ìwé tí wọ́n kà léèwọ̀. Afinimọ̀nà wa sì ṣàlàyé fún wa pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kàwé ní Bodleian ló gbọ́dọ̀ búra pé òun kò ní gbé iná wọlé tàbí dáná níbẹ̀. Ìwé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀ débi pé òórùn awọ àti igi ló ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà.

Bí a ṣe ń jáde ni mo rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Yunifásítì yìí ló fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn dá a lọ́lá ní 1864, ọdún kan náà tí wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọmọ Ọ̀ṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú! Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti ẹnu ọ̀nà Bodleian dé ibùdókọ̀, kò sì já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu rárá.

Ọjọ́bọ̀, Gloucester

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi: tí ẹ bá ní àyè ibì kan ṣoṣo lẹ́yìn Leavesden, Kàtídírà Gloucester ni kẹ́ ẹ lọ. Ọkọ̀ ojú irin láti Paddington tó wákàtí méjì.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkúta tó yí àgbàlá àwọn mọ́ńkì ká ni wọ́n lò fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Hogwarts nínú fíìmù kìíní, ìkejì àti ìkẹfà. Ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbójú sókè: òkúta ni àjà rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ ẹ débi pé ó tẹ́ jáde láti orí òpó kọ̀ọ̀kan bí imọ̀ ọ̀pẹ, tí tọ̀tún fi ń pàdé tòsì lókè. Irú àjà yìí tó dàgbà jù tó ṣẹ́ kù ni wọ́n pè é. Mo rìn ín lọ, mo rìn ín bọ̀. Ògiri tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí nínú fíìmù kejì, ibẹ̀ ni. Ibi tí àwọn mọ́ńkì ti ń fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, Harry àti Ron sá pamọ́ síbẹ̀ nígbà tí òmìrán ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù náà níbẹ̀, àwọn kan nínú ìlú fi ẹ̀hónú hàn pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ idán wọ ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Nínú ìjọ wa nílé, wọ́n ti gba ìwé Harry Potter lọ́wọ́ ọmọ kan rí ní ìkọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí. Mi ò fi àwọn àgbà yẹn ṣẹ̀sín, mo mọ ohun tí orúkọ àjẹ́ ń ṣe ní ilé wa, mo mọ àwọn obìnrin àgbà tí wọ́n ti fi ìyà jẹ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ikú fún un. Mo jókòó nínú kàtídírà, wọ́n ń kọ orin ìrọ̀lẹ́, ohùn àwọn ọmọdé akọrin ń gun òpó lọ sókè, kò sì sí ohun kan nínú mi tó ń bá èkejì jà.

Ọjọ́ Ẹtì

Aṣọ la fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín fún wa nínú kúlà, alẹ́ la sì wọ ọkọ̀ ojú irin tí èèyàn ń sùn mọ́jú nínú rẹ̀ láti Euston lọ sí Fort William. Àga la rà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá lówó rẹ̀ kó ra bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fort William sí Mallaig

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, ilẹ̀ ti yí padà: òkè, ẹrẹ̀, omi, àgbọ̀nrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Fort William wà lábẹ́ Ben Nevis, òkè tó ga jù ní Bìrìtéènì, mítà 1,345.

Ọ̀sán la wọ Jacobite, ọkọ̀ ojú irin eléèéfín tó ń lọ sí Mallaig létí òkun, máìlì 41. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà, ìgbà tó ti pẹ́ la ti rà á. Ẹ jókòó sí ọwọ́ òsì nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ̀gbẹ́ yẹn lẹ ó ti rí afárá ojú irin Glenfinnan. Bí ọkọ̀ ṣe dé Glenfinnan, ó rọra, ó fọn fèrè, gbogbo èèyàn bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Afárá náà tẹ̀ kọ́rọ́, nítorí náà láti inú kọ́ọ̀ṣì tiwa la ti rí ẹ́ńjìnnì níwájú tó ń da èéfín sórí àfonífojì. Lórí afárá yìí ni àwọn Dementor, ẹ̀dá abàmì tó ń fa ayọ̀ èèyàn gbẹ, ti dá ọkọ̀ dúró nínú òjò, nínú fíìmù kẹta. Ẹ̀yìn rẹ̀ la tún kọjá Loch Eilt, adágún tí erékùṣù ibojì Dumbledore wà nínú rẹ̀.

Ojú irin yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n máa ń sọ tipẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ẹṣin kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ já sínú òpó afárá kan, kọnkéré sì bò ó. Glenfinnan ni wọ́n rò pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 2001 ni wọ́n fi ẹ̀rọ rédà wo inú afárá Loch nan Uamh tó wà níwájú lójú ọ̀nà kan náà, wọ́n sì bá ẹṣin náà níbẹ̀. Nígbà tí a kọjá lórí rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lé fèrèsé, ó ní, “Pẹ̀lẹ́ o.”

Ẹja díndín la jẹ ní Mallaig, a padà.

Ọjọ́ Àìkú, Glenfinnan

Takisí gbé wa lọ ní kùtù, torí ibùdó ọkọ̀ ibẹ̀ máa ń tètè kún. Ẹ̀yìn ilé àlejò ni ọ̀nà òkè wà, ìgúnlọ rẹ̀ kò pẹ́. Láti orí òkè yẹn, afárá wà níwájú yín: ojú 21, gíga mítà 30, gígùn 380. Robert McAlpine ló kọ́ ọ láàárín 1897 sí 1901, kọnkéré lásán ni, kò sí irin nínú rẹ̀. Lápá kejì, adágún Loch Shiel, tó di adágún Hogwarts nínú fíìmù, àti òpó ìrántí tí wọ́n gbé dúró ní 1815 fún àwọn tó tẹ̀ lé Ọmọọba Charles Edward Stuart, ẹni tó gbé àsíá ogun rẹ̀ sókè níbẹ̀ ní 19 oṣù kẹjọ 1745.

Kòkòrò midge tó ń jẹni wà o! Ẹ fi ìpara sára, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Ìdílé kan láti Jámánì fún wa ní nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bojú, àwa fún wọn ní ṣinṣín tó kù. Nígbà tí ọkọ̀ dé, a ti kọ́kọ́ gbọ́ fèrè rẹ̀ lẹ́yìn òkè kí a tó rí i. Ó gba orí afárá kọjá, èéfín funfun rẹ̀ sì ń bọ́ sẹ́yìn sínú àfonífojì. Bàbá ilẹ̀ Scotland kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣí fìlà. Ó ní bàbá bàbá òun wà lára àwọn tó po kọnkéré náà. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Durham àti ilé olódi Alnwick ló kù fún wa. Nínú àgbàlá Alnwick ni wọ́n ti ya ìkọ́ni ìgbálẹ̀ fífò nínú fíìmù àkọ́kọ́, wọ́n sì ń kọ́ àlejò níbẹ̀ títí dòní, tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé ti san án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń bèèrè ọjọ́ tí iléèwé máa tún gba họlidé.